Rìbá, Èlé àti Ìwà: Ohun tí Báǹkì Mùsùlùmí Ń Wá Lọ́wọ́ Òṣìṣẹ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan wà tó rìn jìnnà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ribā ni. Lẹ́nu àwọn Lárúbáwá, ohun tó lé, ohun tó pọ̀ sí i ni. Nínú òfin Ìsìláàmù, ó wá di èlé orí owó tí a yá ènìyàn, èyí tí Kùránì kà léèwọ̀. Nígbà tó dé ilẹ̀ Haúsá, riba di èrè ọjà lásán tí kò ní ẹ̀gàn kankan nínú. Bí Haúsá bá fẹ́ pe èlé báǹkì, kuɗin ruwa ni yóò sọ, ìyẹn “owó omi”. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, rìbá ni owó ẹ̀yìn, owó tí a ń fi bọ olọ́pàá tàbí akọ̀wé lọ́wọ́ kí ọ̀nà lè là. Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ mẹ́ta, ìlú mẹ́ta.

Bẹ́ẹ̀ náà ni sharīʿa. Òfin àti ọ̀nà tí Ọlọ́run fi lélẹ̀ ni Lárúbáwá ń pè bẹ́ẹ̀. Àwa gbé e lọ sí kóòtù ọba, ó di sẹ̀ríà. “Wọ́n ti dá sẹ̀ríà fún un,” ìyẹn ni pé wọ́n ti fìyà jẹ ẹ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá dé ọjà Bódìjà tó ní òun fẹ́ ṣí báǹkì tó ń tẹ̀lé sharia, etí Yorùbá lè gbọ́ pàṣán nínú ọ̀rọ̀ náà kó tó gbọ́ owó.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi mọ̀ pé n kì í lè ṣe kí n má fi ọ̀rọ̀ ẹnu bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ilé iṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Láti ọdún 2012 tí báǹkì tí kì í gba èlé ti ṣílẹ̀kùn ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ wa ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì. Ìbéèrè kan sì wà tí kò ní ṣàì wá sí ọkàn ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: kí ló mú kí iṣẹ́ tèmi yàtọ̀ sí ti báǹkì tó wà ní òdìkejì títì? Ṣé ìbòrí ni? Ṣé “Salāmu alaykum” lẹ́nu ọ̀nà ni? Ṣé yàrá tí a ti ń kírun ni? Gbogbo ìwọ̀nyí dára, n kò bú wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ ìtàn àwọn báǹkì wọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé ibi tí ìwà Ìsìláàmù ti ń wọ inú báǹkì, tó sì tún lè gbà jáde, kéré gan-an. Ó wà nínú ìgbésẹ̀ kan tí òṣìṣẹ́ kékeré lè fò, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ lọ́jọ́ náà.

Báǹkì tí kò jẹ́ orúkọ ìsìn

Ní ọdún 1963, Ahmad El-Naggar, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Íjíbítì, dá báǹkì ìfowópamọ́ kékeré kan sílẹ̀ ní Mit Ghamr, ìlú kan ní agbègbè ibi tí odò Náílì ti pín sí ẹ̀ka kó tó dé òkun. Ó ti kàwé ní Jámánì, ibẹ̀ ló sì ti rí àwọn báǹkì ìfowópamọ́ ti àwọn ìlú kéékèèké, níbi tí àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń kó owó jọ díẹ̀díẹ̀. Ó mọ̀ pé àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ tirẹ̀ kì í gbé owó lọ sí báǹkì. Báǹkì jìnnà sí wọn, ẹ̀rù akọ̀wé rẹ̀ ń bà wọ́n, wọn kò sì fẹ́ fọwọ́ kan èlé.

Báǹkì Mit Ghamr kò gba èlé, kò sì san èlé. Ẹni tó bá ń fowó pamọ́ síbẹ̀ déédéé lè wá yá owó kékeré láì san ju ojú owó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí owó òun ṣòwò, báǹkì á bá a dá a mọ́ iṣẹ́, wọ́n á jọ pín èrè, wọ́n á sì jọ ru àdánù. Àpò sàkáà wà fún àwọn aláìní. Síbẹ̀, ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan: kò sí ọ̀rọ̀ Ìsìláàmù lára orúkọ rẹ̀. Ayé Gamal Abdel Nasser ni. Ìjọba ti fòfin de ẹgbẹ́ Ikhwān láti ọdún 1954, ojú tí wọ́n sì fi ń wo ohunkóhun tó bá gbé ìsìn wọ inú ètò ìlú kò dára. Báǹkì ìfowópamọ́ ìbílẹ̀ lásán ni wọ́n ń pè é.

Báwo wá ni àgbẹ̀ ṣe mọ̀ pé báǹkì yìí bá ẹ̀sìn òun mu? Ohun tó rí ló fi mọ̀. Ó yá ogún, ó dá ogún padà. Ará ìlú kan náà ló jókòó níwájú rẹ̀, tó ń bá a sọ èdè tó gbọ́. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1967, irú báǹkì bẹ́ẹ̀ ti di mẹ́sàn-án. Àárín ìgbà náà ni ìjọba gbà wọ́n, tí àwọn báǹkì ńlá ìjọba gba iṣẹ́ wọn ṣe, èlé sì padà wọlé. Ní 1971, ìjọba fúnra rẹ̀ dá Nasser Social Bank sílẹ̀, tí kò ní máa gba èlé. Orúkọ ìyẹn náà kò ní ìsìn nínú.

Orúkọ dé, òṣìṣẹ́ ńkọ́?

Lẹ́yìn tí owó epo rọ̀bì fò sókè ní ọdún 1973, orúkọ dé wàyí. Ní 1975, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Saeed Lootah dá Dubai Islamic Bank sílẹ̀. Ọdún kan náà ni báǹkì ìdàgbàsókè tí àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí jọ ní, Islamic Development Bank, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Jeddah. Ní 1977, Faisal Islamic Bank dé Íjíbítì àti Sudan, Kuwait Finance House sì bẹ̀rẹ̀. Ní 1983, Malaysia ṣe òfin tirẹ̀, Bank Islam sì ṣílẹ̀kùn.

Ilé wà, orúkọ wà, owó wà. Ta ni yóò jókòó sídìí tábìlì? Ẹni tó mọ bí a ṣe ń ṣírò owó, tó mọ ìwé àkáǹtì, tó sì mọ bí a ṣe ń wo oníbàárà bóyá ó lè san gbèsè, níbo ni ẹ fẹ́ ti rí i bí kò ṣe ní báǹkì tó ń gba èlé? Ibẹ̀ ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ wọn wá. Wọ́n wọlé pẹ̀lú ìmọ̀, wọ́n sì wọlé pẹ̀lú àṣà. Àwọn ààfáà tó mọ òfin òwò nínú Ìsìláàmù kò mọ ìwé báǹkì, àwọn tó mọ ìwé báǹkì kò sì mọ òfin òwò Ìsìláàmù. Àlàfo yìí ni ìtàn gbogbo ìyókù ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Ní 1976, Sami Homoud, ará Jordan, kọ iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Cairo, ó sì fi hàn bí báǹkì ṣe lè lo irú ọjà àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní murābaḥa. Láti ìgbà náà, murābaḥa ti di ohun tí ọ̀pọ̀ báǹkì wọ̀nyí ń ṣe jù.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sílé. Ká ní télọ̀ kan ní Ìbàdàn fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ tó jẹ́ ₦200,000, kò sì ní owó lọ́wọ́. Báǹkì tó ń gba èlé á yá a ní ₦200,000, á sì máa ka èlé lé e lórí. Báǹkì tó ń ṣe murābaḥa kò gbọdọ̀ yá a lówó. Yóò ra ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ náà yóò di ti báǹkì, lẹ́yìn náà ni yóò tà á fún télọ̀ ní ₦230,000. Yóò sọ ọ́ ní gbangba pé ₦200,000 ni òun rà á, ₦30,000 sì ni èrè òun. Télọ̀ á máa san ₦23,000 lóṣù fún oṣù mẹ́wàá. Bí ó bá pẹ́ kó tó san tán, gbèsè náà kò gbọdọ̀ wú. Bí báǹkì bá tilẹ̀ gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó lówó ṣùgbọ́n tó mọ̀ọ́mọ̀ ń fi falẹ̀, sààrà ni owó yẹn ń lọ, kì í wọ inú èrè báǹkì.

Àwọn kan á ní, kí ló wá yàtọ̀? Ṣebí ₦30,000 náà ni télọ̀ fi lé e. Òótọ́ ni pé ìṣirò lè jọra. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: bí ọkọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ náà bọ̀ láti Èkó bá dànù ní Ògèrè, ẹ̀rọ ta ló bàjẹ́? Bí ó bá jẹ́ ti báǹkì, báǹkì ti ṣòwò nìyẹn, ó ti ru ewu tí ọlọ́jà ń rù, èrè rẹ̀ sì tọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ pé télọ̀ ni yóò san gbèsè bó ti wù kó rí, a jẹ́ pé owó ni báǹkì fi bí owó.

Ibí yìí gan-an ni ìgbésẹ̀ kékeré tí mo wí wà. Kí a lọ bá ẹni tó ń ta ẹ̀rọ, kí a gba rìsíìtì lórúkọ báǹkì, kí a parí ìwé ríra kí a tó fọwọ́ sí ìwé títà, gbogbo rẹ̀ ń gba àkókò. Ó lè jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́ta ọ̀sán, oníbàárà ń kánjú, ọ̀gá sì ń béèrè iye tí ẹ ti ṣe lóṣù yìí. Òfin fàyè gbà á pé kí báǹkì fi télọ̀ ṣe aṣojú, kó lọ bá báǹkì ra ẹ̀rọ náà. Láti ibẹ̀ ni ó ti rọrùn láti gbé owó lé e lọ́wọ́, kí a kọ gbogbo ìwé lẹ́ẹ̀kan náà, kí a má sì béèrè ẹ̀rọ mọ́. Kò sẹ́ni tó jalè. Ìwé pé pérépéré. Ṣùgbọ́n bí télọ̀ bá fi owó náà san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀, a jẹ́ pé kò sí ọjà kankan láàárín wọn, èlé ni gbogbo rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan ti sọ báǹkì di nǹkan mìíràn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pátákó ẹnu ọ̀nà kò sì mọ̀.

Nígbà tí orúkọ kò gbani

Àwa Yorùbá gbà pé orúkọ a máa ro ọmọ. Nínú ìtàn yìí, ó ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí orúkọ kò ro ẹnikẹ́ni.

Ní Íjíbítì, ní àwọn ọdún 1980, àwọn ilé iṣẹ́ kan gbòde tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ará ìlú láti fi ṣòwò ní ìlànà Ìsìláàmù. Al-Rayan lókìkí gan-an nínú wọn. Èrè tí wọ́n ṣèlérí pọ̀ ju èlé báǹkì lọ fíìfíì. Wọn kì í ṣe báǹkì, nítorí náà àwọn tó ń bójú tó báǹkì kò yẹ ìwé wọn wò. Ṣùgbọ́n irùngbọ̀n gùn, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò sì tán lẹ́nu. Àwọn tó ti lọ forí ṣiṣẹ́ forí sùn ní ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá olówó epo kó owó bọ̀, wọ́n sì gbé e lé wọn lọ́wọ́. Ní 1988, ìjọba ṣe òfin tuntun lórí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Al-Rayan dojú dé, ọ̀pọ̀ ìdílé sì pàdánù ohun tí wọ́n kó jọ.

Ní Turkey ńkọ́? Ilé ìnáwó kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ihlas Finans. Ihlas yìí ni ikhlāṣ ti Lárúbáwá: òtítọ́ inú, fífi ọkàn kan ṣe nǹkan nítorí Ọlọ́run. N kò rò pé orúkọ tó dára jù bẹ́ẹ̀ wà fún ilé tó ń gba owó olówó pamọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2001, nígbà tí ọrọ̀ ajé Turkey ń mì lẹ́sẹ̀, àwọn alábòójútó báǹkì gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Nígbà náà, kò tíì sí ètò ìdáàbòbò owó oníbàárà fún irú ilé ìnáwó bẹ́ẹ̀, bí ó ṣe wà fún báǹkì tó ń gba èlé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó fowó síbẹ̀ fi dúró. N kò sọ pé aláìṣòótọ́ ni àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé orúkọ kò lè dí ihò tí ètò bá dá sílẹ̀.

Àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1991, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń fi lẹ́tà AAOIFI pè gbéra sọ ní Bahrain láti máa ṣe ìlànà ìṣirò owó àti àyẹ̀wò ìwé fún àwọn báǹkì Mùsùlùmí káàkiri ayé. Wọn kò fi mọ sí ìṣirò. Wọ́n kọ ìlànà ìwà fún àwọn tó ń ṣírò owó àti àwọn tó ń yẹ ìwé wò, wọ́n sì kọ ti àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú. Ìwé ìwà òṣìṣẹ́ kì í ṣe ohun àjèjì ní báǹkì. Kò sí báǹkì ńlá tí kò ní tirẹ̀. Ohun tó mú ti AAOIFI yàtọ̀ ni ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbé e lé: pé ènìyàn jẹ́ arọ́pò tí Ọlọ́run fi ṣọ́ ilé ayé, pé olówó ló fi owó ṣọ́ni, àti pé ìjíhìn tó kẹ́yìn kò sí lọ́wọ́ mánéjà.

Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó wà nídìí èyí ni amāna, ohun tí a fi ṣọ́ni tí a sì ń retí padà. Ó wà nínú Kùránì pé nígbà tí Ànọ́bì Mūsā sá dé Madyan, tó bá àwọn ọmọbìnrin méjì fún ẹran wọn lómi, ọ̀kan nínú wọn gba bàbá rẹ̀ níyànjú pé kó gbà á síṣẹ́. Nǹkan méjì ló fi yìn ín: ó lágbára, ó sì ṣeé fọkàn tán. Ibn Taymiyya, tó kú ní 1328, fi nǹkan méjì yìí ṣe òṣùwọ̀n ẹni tó yẹ kí a fún ní ipò nínú ìwé tó kọ lórí ìṣàkóso ìlú, ó sì kédàárò pé ó ṣọ̀wọ́n kí méjèèjì pàdé lára ẹnì kan. Ẹ fi èyí wo báǹkì. Ẹni tó ń kírun márààrún ṣùgbọ́n tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìwé ríra àti ìwé títà ní ìfọkàntán, kò ní agbára. Ẹni tó mọ ìwé dé góńgó ṣùgbọ́n tó ń fo ìgbésẹ̀ kí iye rẹ̀ lè pọ̀ lóṣù ní agbára, kò ní ìfọkàntán. Irú òṣìṣẹ́ méjèèjì yìí lè sọ murābaḥa di èlé.

Ti ilé wa

Ní Nàìjíríà, òfin báǹkì ọdún 1991 ti fàyè gba báǹkì tó ń pín èrè àti àdánù. Òfin kan náà ló sọ pé báǹkì kankan kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ bí “Islamic”, “Christian”, “Quranic” tàbí “Biblical” sínú orúkọ rẹ̀ láì gba àṣẹ gómìnà Báǹkì Àpapọ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Ilẹ̀kùn ṣí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wọlé yóò fi orúkọ sílẹ̀ lóde.

Ní ọdún 2011, nígbà tí Sanusi Lamido Sanusi jẹ́ gómìnà Báǹkì Àpapọ̀, ìlànà jáde fún báǹkì tí kì í gba èlé, ariwo sì ta. Àwọn aṣáájú Kìrìsìtẹ́ẹ́nì kan ní ọgbọ́n àti sọ Nàìjíríà di ilẹ̀ Mùsùlùmí ni. Sanusi ń dáhùn pé ẹni tó bá wù ló lè bá báǹkì náà ṣe, ìsìn yòówù kó máa ṣe. Ìgbìmọ̀ tó ń sọ fún irú báǹkì bẹ́ẹ̀ ohun tó bófin Ìsìláàmù mu, ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn àwọn onímọ̀ ni ìlànà náà pè é. Sharia kò sí lára orúkọ rẹ̀. Èmi tí mo mọ ohun tí sẹ̀ríà ń ṣe létí Yorùbá, kò yà mí lẹ́nu.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, Jaiz Bank ṣílẹ̀kùn ní Àbújá, Kaduna àti Kano. Jāʾiz ni ohun tó tọ́ láti ṣe, ohun tí òfin fàyè gbà. TAJBank tẹ̀ lé e ní 2019. Tāj ni adé. Lotus Bank dé sí Èkó ní 2021; òdòdó orí omi ni lotus. Ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá á fura sí orúkọ méjì àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò sì lè fura sí ìkẹta. A ti padà sí Mit Ghamr nìyẹn. Níbi tí òfin kò ti jẹ́ kí orúkọ sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ni yóò máa sọ̀rọ̀.

Ẹ tún wò ó pé nínú ìlú tiwa, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì àti onísẹ̀ṣe ń jẹun nínú abọ́ kan. Òṣìṣẹ́ irú báǹkì yìí kò ní jẹ́ ẹlẹ́sìn kan, bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà rẹ̀. Bí ìwà Ìsìláàmù nínú ilé iṣẹ́ bá jẹ́ aṣọ àti ìkíni nìkan, a jẹ́ pé ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́ àlejò níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìgbésẹ̀ tí mo ń sọ bọ̀ ni, ọmọ Kìrìsìtẹ́ẹ́nì tó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé títà nígbà tí rìsíìtì ríra kò tíì dé, òun gan-an ló ń ṣọ́ amāna lọ́jọ́ yẹn. Ààfáà tó fọwọ́ sí i lóun ti tú u dànù.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti tágẹ́ẹ̀tì, òun ló sì dùn mí jù. Ta ni kò mọ̀ pé àwọn báǹkì wa máa ń lé àwọn ọ̀dọ́ jáde pé kí wọ́n lọ wá iye mílíọ̀nù báyìí wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iṣẹ́ á bọ́? Òfin Ìsìláàmù lórí gbígba ènìyàn síṣẹ́ kò fi nǹkan sínú òkùnkùn: kí a sọ iye owó iṣẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a má di ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ rù ú, kí a má sì fi owó rẹ̀ falẹ̀ nígbà tó bá ti ṣe é tán. Bí báǹkì bá ní òun kò gbọdọ̀ fi ìnira oníbàárà jèrè, ṣé ó wá lè fi ìnira òṣìṣẹ́ jèrè? Tágẹ́ẹ̀tì yìí kan náà ló sì ń mú kí òṣìṣẹ́ fo ìgbésẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní kó mú ogún murābaḥa wá kí oṣù tó parí kò ní dúró de rìsíìtì. Báǹkì tó bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ hùwà ẹni tó ń ṣọ́ amāna gbọ́dọ̀ fún un ní àkókò tí amāna ń gbà, kó sì fi bí ó ṣe ṣe é wọ̀n ọ́n, yàtọ̀ sí iye tó ṣe nìkan.

Ohun tí àwa náà mọ̀ tẹ́lẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn Lárúbáwá ló kọ́kọ́ kọ́ wa láti bẹ̀rù èlé. Láyé ìwọ̀fà, ẹni tó yá owó fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó, iṣẹ́ ọwọ́ ìwọ̀fà sì ni èlé; ó lè ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́wàá kí ojú owó má dín kọ́bọ̀ kan. Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Èdè wa tún ní sógúndogójì, sọ-ogún-di-ogójì, orúkọ tí a fún olówó èlé tí kì í ṣàánú. Kùránì náà, ní Súrà kẹta, kìlọ̀ fún àwọn onígbàgbọ́ nípa èlé tó ń di ìlọ́po lórí ìlọ́po. Èdè méjì rí ohun kan náà, wọ́n sì kórìíra rẹ̀.

A tún ní alájọ. Ẹni tó gbọ́n, a ní orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú, tó ta mọ́tò tó fi ra kẹ̀kẹ́. Alájọ ń gba owó lọ́wọ́ ìyálọ́jà lójoojúmọ́, nígbà tí oṣù bá parí, ó dá gbogbo rẹ̀ padà, ó yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Kò san èlé, kò gba èlé, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì hàn sí gbogbo ayé. Kí ló mú kí ìyálọ́jà fún un lówó? Kò sí pátákó, kò sí àga onítìmùtìmù. Ó mọ̀ ọ́n, ó rí i lánàá, yóò sì rí i lọ́la. Ohun tí El-Naggar ń wá ní Mit Ghamr nìyẹn, òun náà sì ni ohun tí AAOIFI fẹ́ fi ìwé gbé kalẹ̀.

Mo ní ìmọ̀ràn kan fún ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí iṣẹ́ náà, láti inú iṣẹ́ tèmi. Ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ń pe nǹkan. Bí ẹ bá ń sọ fún oníbàárà pé “ẹ wá gba lóònù,” tí ẹ sì ń pe èrè orí ọjà ní “èlé wa,” ọwọ́ yín á tẹ̀ lé ẹnu yín láìpẹ́. Ẹ pè é ní ọjà. Ẹ sọ pé, “A ó rà á, a ó sì tà á fún yín.” Ẹni tó bá gbọ́ “a ó rà á” á béèrè pé, “Ẹ ti rà á ni? Ó dà?” Ìbéèrè yẹn lẹ́nu ìyá kan tí kò kàwé lè dá òṣìṣẹ́ tó ń kánjú dúró ju ìwé olójú ewé ọgọ́rùn-ún lọ. Bẹ́ẹ̀ ni bí ẹ bá pe owó ìtanràn ní sààrà, yóò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti kó o sínú èrè.

N kò tíì rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ti jókòó dáadáa fún murābaḥa. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò ṣẹ̀dá rẹ̀, bí àwọn ọlọ́jà ṣe ṣẹ̀dá sógúndogójì. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó níwájú oníbàárà lójoojúmọ́, kí ni àwọn ìyá wa ń pè é bí ẹ bá ṣàlàyé fún wọn tán? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì sọ ìlú tí ẹ ti gbọ́ ọ.